Ẹ Má Ka Ti Omi Ọmú fún Màmá

Ìdímù,
Oṣù Kẹfà, 1988.

Bàbá Kẹ́mi mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Àlàáfíà ni a wà. Kẹ́mi ń ṣeré, èmi náà sì ti ń jẹun.

Ìgbẹ́ gbuuru ti pa ọmọ màlúù méjì ní oko tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n bí òmíràn láàárọ̀ yìí. Bí mo ṣe fẹ́ fún omi ọmú àkọ́kọ́ ti ìyá rẹ̀ dànù, dókítà ẹran di ọwọ́ mi mú.

"Kí lẹ fẹ́ dànù yẹn?"

"Ìdọ̀tí ọmú ni, sà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Kòkòrò kan ló ń tu májèlé sínú ìfun wọn. Omi yẹn ló ń bá a jà."

Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo rántí bí Màmá ṣe rọra fún omi ọmú mi dànù nígbà tí mo bí àbúrò Kẹ́mi, àti bí ìgbẹ́ gbuuru ṣe mú ọmọ náà lọ.

Ọmọ màlúù yìí ti mu tirẹ̀. Mo ṣì jókòó tì í, mò ń wo ìdí rẹ̀ bóyá ìgbẹ́ gbuuru yóò dé.

Tí ẹ bá ń ka lẹ́tà yìí fún Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo ibi omi ọmú. Ẹ ní mo kí wọn, mo sì dúpẹ́ ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún àbúrò Kẹ́mi.

Ìyàwó yín,
Ọmọ́wùnmí