Òwú Tí Dókítà Fi Rán Ikùn Mi

Iweka Road, Onitsha.

Màmúdù ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó? Súlìyát ìyá rẹ kí ọ, gbogbo ilé kí ọ, ẹ̀rọ ìránṣọ mi pàápàá ì bá kí ọ bí ó bá lẹ́nu, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ mi ti kàn án. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ lọ ṣọ́ ọ bọ̀, mọ́tò kò ní gbá ọ, ọ̀gá rẹ kò ní lé ọ.

Wọ́n ti yọ ìpá mi. N kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jí, mo béèrè irú òwú tí dókítà fi rán mi, nítorí iṣẹ́ kan náà ni èmi àti òun ń ṣe. Ó ní òwú tuntun láti òkè òkun ni, ó ń fà bíi rọ́bà bí mo bá wúkọ́, kí oṣù Iléyá tó lé yóò sì ti yòrò tán nínú ara mi. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́ fún mi!

Màmúdù, bí òwú mi bá yòrò lára ṣòkòtò oníbàárà, ṣé kò ní fà mí lọ sí téṣàn ọlọ́pàá? Rọ́bà ńkọ́? O ṣáà rántí ohun tí rọ́bà ṣòkòtò ṣe fún tíṣà yín níwájú gbogbo iléèwé.

Mo bá gba ọ̀já tí ìyá rẹ fi pọ̀n ọ́, mo fi di ikùn. N kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Bí Màmá Ngọzi aládùúgbò wa bá wá kí mi ní ndo, pẹ̀lẹ́ tiwọn níbí, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó má dápàárá. Ìjókòó ni mo fi ń kírun. Láti ìgbà tí ìjọba ti san owó Údójì, àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, gbogbo ayé ló fẹ́ wọ léèsì, aṣọ Iléyá kún ilẹ̀, ìyá rẹ sì ní bí n kò bá wa ẹ̀rọ, a ò ní rí àgbò rà. Mo ní ta ni yóò jẹ àgbò náà, ṣé èmi tí ikùn mi fẹ́ tú?

Oṣù lé lánàá. Mo dùbúlẹ̀, mo gbọ́wọ́ lé ikùn, ẹ̀rù bà mí gan-an. Ní àárọ̀ yìí, ewúrẹ́ Màmá Ngọzi wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé léèsì Àlàájì Sànúsí oníbàárà mi sẹ́nu, ó di Upper Iweka. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Ọ̀já bọ́ sójú ọ̀nà, mo fo gọ́tà, àwọn awakọ̀ ń fi pijin bi mí bóyá mo fẹ́ kú ni. Ìgbà tí mo gba léèsì tán ni mo rántí ikùn mi. Mo wò ó, kò tú.

Ìyá rẹ ń dúpẹ́, ó ní òwú ti lọ, ẹran ara ló ti di ara rẹ̀ mú. Èmi kò gbà. Ọwọ́ mi ti tẹ dókítà, òwú rẹ̀ kò yòrò rárá! Fi owó ránṣẹ́, kí ó tún ikùn mi là kí n fojú ara mi rí i. Bí òwú bá wà níbẹ̀, kí ó bẹ̀ mí. Bí kò bá sí, kí ó sọ ohun tí ó so mí pọ̀.

Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé kí o má fi owó rán ẹnikẹ́ni, ìwọ gan-an ni kí o gbé e wá. Láti ìgbà tí ogun ti parí, a kò tíì jọ ṣe Iléyá kan. Gàfárù awakọ̀ ló mú lẹ́tà yìí bọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ni kí o bá padà. Àárò rẹ ń sọ wá.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohun tí ó so wá pọ̀ yòrò.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àdìó télọ̀, tí kò tíì tú.