Ẹ Kú Ìsinmi, Ìyá Wa

Ìbàfò, 1988

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Jẹ̀lílì,

Ẹ kú ilé. Ara mi le, inú mi sì dùn. Ooru tó ń bò mí láti ìgbà tí nǹkan oṣù mi ti dúró ti ń rọlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló ní kí n máa jókòó jẹ́ẹ́, kí n fọkàn sí èémí mi, ìró yòówù tí mo bá gbọ́, kí n má bá a jà.

Ọkọ mi ní obìnrin tó bá ti dàgbà tó mi, kó lọ sinmi. Pálọ̀ ni mo ti ń sinmi. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín òun àti ìyàwó tuntun nínú yàrá mi. Láràárọ̀, ọmọ náà á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ kú ìsinmi, Ìyá wa." Màá mí sínú, màá mí síta, n ò ní gbá a létí.

Ẹ bá mi kí Màmá. Bí wọ́n bá béèrè mi, ẹ ní mò ń mí.

Àbúrò yín,
Sàúdátù