Ohun Tí Mo Kọ Sórí Ìdérí

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta
Àwọn Amí ti dé. Orúkọ tí èmi fún wọn nìyẹn — hóró tín-ín-tín tí ojú lásán ò lè rí, tí à ń rán wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ṣì wà láàyè kí wọ́n wá sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Bí ibẹ̀ bá dára, wọn a tàn ní àwọ̀ ewé. Bó bá ti ń kan bí ògì, wọn a pọ́n. Àìsàn kíkan yẹn ló pa Màámi. Òun náà ló ń ṣe àbúrò mi obìnrin.

Mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo gba tèmi náà, ká lè fi ti ẹni tí nǹkan kan ò ṣe wé tirẹ̀. Àwo méjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ọ̀kan tàn bí ewé, ìkejì pọ́n. Ọ̀gá Onígíláàsì, olórí ilé ìwádìí wa, fò sókè bí ọmọdé, ó fi èsì ránṣẹ́ sí dókítà àbúrò mi. Inú mi ò dùn. Pupa yẹn pọ̀ jù.

Ọjọ́bọ̀, 6
Dókítà ti sọ oògùn rẹ̀ di ìlọ́po méjì.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo lọ wò ó. Ó ń bì ṣáá. Irun rẹ̀ wà káàkiri orí ìrọ̀rí. Síbẹ̀ ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti rù o. Àbí ẹ̀yin lẹ ń ṣàìsàn ni?" A rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n tó fi kún oògùn yìí, ara òun ti ń yá, òun ti ń gun àtẹ̀gùn láìdúró. Mo ní kó lo oògùn rẹ̀ kó yé wí àwíjàre. Èmi rèé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúró mí lórí àtẹ̀gùn kan náà.

Ọjọ́rú, 12
Mo kó àwo méjèèjì jáde nínú fíríìjì láti fọ̀ wọ́n. Mo wo ìdérí. Àyè ibẹ̀ kéré, mo ti gé ọ̀rọ̀ kúrú — "Alá." "Alá."

Aláìsàn. Aláàfíà.

Èwo ni èwo? Èyí tó pọ́n ni mo kàn gbà pé tirẹ̀ ni. Ọ̀gá ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ní ta ni ì bá tún pọ́n bí kì í bá ṣe ẹni tó ń ṣàìsàn? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 13
Ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ó ṣòro kí n tó rí iṣan lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọ ọ́ gàdàgbà: ÀBÚRÒ. ÈMI.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Ọlọ́run, jẹ́ kó jẹ́ tirẹ̀ ló pọ́n. — Kí ni mò ń gbàdúrà fún yìí? Ojú tì mí. Mi ò ní pa ohun tí mo kọ yìí rẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 17
Mo ti ilẹ̀kùn, mo pa iná. ÀBÚRÒ ni mo kọ́kọ́ wò. Ó tàn bí ewé, gbogbo rẹ̀ pátá. Oògùn àkọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́ tipẹ́.

Mi ò tíì wo èkejì tí mo fi pe dókítà: ẹ dá oògùn yẹn dúró, ẹ̀bi mi ni. Ó pariwo mọ́ mi, ó tọ́ sí mi. Kò pẹ́ ni àbúrò mi pè, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ìgbà wo ni mò ń bọ̀. Mo ní mò ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà mo wo ÈMI.

Àbúrò mi ti bi mí ní ọjọ́ Àìkú bóyá èmi ni mò ń ṣàìsàn, a sì rẹ́rìn-ín.