Ìlú Wo Lẹ Ń Jà Fún, Bàbá?

Bàbá mi, ẹni tí mo bá wọn bu erùpẹ̀ lé lórí,

Mo kí yín. Mi ò mọ̀ bóyá inú ibojì ni kí n kí yín sí tàbí ìlú Bìdá. Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyẹn.

Mo ti wọ ilé-ìwé ìjọba tí ẹ ní ẹ ṣì máa rò ó wò. Ọdún àkọ́kọ́ mi rèé. Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀, síbẹ̀ èmi ni ẹ̀rù ń bà jù. Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, Òyìnbó olùkọ́ wa ní kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan dúró lọ́tọ̀: Yorùbá síhìn-ín, Fúlàní sọ́hùn-ún, Gàmbàrí, Tápà. Gbogbo wọn sáré lọ síbi tiwọn, ó ku èmi nìkan láàárín. Ará Kánò ni bàbá yín, Tápà Bìdá ni ìyá yín, Ìlọrin ni wọ́n bí yín sí, Yorùbá sì ni ìyá mi. Ọmọ kan ní, “Ìwọ, ṣé ọ̀nà lo ń ṣọ́ ni?” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò mọ ibi tí màá yà sí.

Ṣé bó ṣe máa ń ṣe yín náà nìyẹn ní pápá ìjà ẹ̀ṣẹ́ dáńbe? Bí wọ́n bá ti fi okùn di ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún yín tán, tí olórí àwọn oníjà ní kí ẹ pe ìlú tí ẹ ń jà fún, ẹ máa ń pẹ́ kí ẹ tó dáhùn. Àwọn èèyàn rò pé ìgbéraga ni. Èmi máa ń rí i pé ẹ ń wá ìdáhùn ni. Lẹ́yìn náà ẹ ó ní, “Ìlọrin,” jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ orúkọ ọmọ rẹ̀ fún àlejò.

Nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ yín fún ìsìnkú, ọwọ́ ọ̀tún yín yẹn kò ṣí. Àáfà fi omi gbígbóná ra á títí, ó sú u. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́ wọ ilẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, mo pàdé Bàbá Oníkáún ọ̀rẹ́ yín ní Ọjà-Ọba. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà Bìdá dé, láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ti lọ, ẹrù káún ṣì wà lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán.

“Kí la ṣe bàbá ẹ ní ìlú yìí? Odidi ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ó lọ ń jà fún Tápà. Ó lu ọmọ Ìlọrin méjì ṣubú lójú mi.”

“Bàbá, a ti sin bàbá mi kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.”

“Ẹ sin ta ni? Òkú ló gba góòrò lọ́wọ́ mi? Mo pè é, ó bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ òsì ló fi gbà á, wàláhì. Ọ̀tún wà ní dídì, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì fi okùn kàn án.”

Nígbà tó rí ojú mi, ó mọ̀ pé mi ò ṣàwàdà. Ó fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lọ, ètè rẹ̀ ń ka súrà.

Mo sọ fún ìyá mi. Kò yà wọ́n lẹ́nu, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

“Àkúdàáyà ni,” wọ́n ní. “Wọ́n máa ń lọ síbi tí àwọn èèyàn ò ti mọ̀ pé wọ́n kú. Oníkáún kò mọ̀, ló fi lè rí i. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó sunkún rẹ̀ bá wo ojú rẹ̀, ó parí nìyẹn. Àkúdàáyà náà kò ní sí níbì kankan mọ́.”

Àáfà mi ní ilé-kéú ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀sìn wa. Ó wù mí kí n gbà á gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá le sí rèé. Ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó fẹ́ wòran dáńbe lẹ́yìn Iléyá, Ìlọrin pẹ̀lú Bìdá, lójúde Ẹ́mírì Bìdá. Abẹ́ Òyìnbó kan náà ni ìlú méjèèjì wà báyìí, síbẹ̀ ó fẹ́ mọ èyí tó lágbára jù. Olórí àwọn oníjà wá bá mi nílé.

“Tápà fẹ́ mú ọkùnrin kan jáde tí ẹnikẹ́ni kì í dúró níwájú rẹ̀. Ìwọ tí bàbá rẹ kọ́ ní ìjà la máa fi kò ó. Àbí Bìdá ni tìrẹ náà?”

Bí mo bá kọ̀, ọmọ Tápà ni wọn yóò máa pè mí, wọn yóò sì máa sọ ọ́ sí ìyá mi létí lọ́jà. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni ọkùnrin náà, síbẹ̀ mo ní màá jà.

Bàbá, Ìlọrin lẹ jà fún títí ẹ fi kú. Ṣé Bìdá lọkàn yín wà látọjọ́ yìí? Àbí ìyá yín ló pè yín? Ṣé Kánò náà ń retí yín? Ó ń dùn mí pé ẹ kò wá jókòó tì wá. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti mọ̀ yín ni ẹ kò lè dé mọ́, àbí?

Bí wọ́n bá ní kí n pe ìlú mi, Ìlọrin ni màá pè. Màá dorí kodò, ẹsẹ̀ yín nìkan ni màá máa wò. Mo mọ̀ pé oníjà tó ń wolẹ̀ kò lè yẹ ẹ̀ṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe orúkọ mi, torí bí mo bá gbọ́ ohùn yín, màá gbójú sókè. Ẹ lù mí bí ọmọ ìlú mìíràn. Ẹ jẹ́ kí n ṣubú, kí ẹ lè máa wà lọ.

Èmi ọmọ yín, tó ń retí yín tìfẹ́-tẹ̀rù.