Èmi Ni Wọ́n Rẹ́ Jẹ, Èmi Ni Wọ́n Ń Bẹ̀

Abà Ajíbóyè,
Lọ́nà Ìyànà Ọ̀fà.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Hasanat, ọmọ mi àtàtà,

Àsàlámù àlékùm. Báwo ni ilé, báwo ni Ṣakí? Ṣé ikọ́ Ammar ti lọ, ṣé ọkọ rẹ sì ń rí oorun sùn? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ ìbànújẹ́ yín. Ara mi yá, ara bàbá rẹ náà yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún wọn ṣì ń dùn wọ́n. Ọkàn mi ló rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò. O mọ̀ pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní abà yìí, gbogbo àdúgbò ló ń bá a gbọ́ ọ.

Mo tún lọ sóko láàárọ̀ yìí. Mi ò mọ ohun tí mo ń wá níbẹ̀. Àgbàdo tí o rí nínú fọ́tò, tó ti tó mi lórúnkún, kò sí èyí tó dìde nínú wọn. Oògùn tó ń pa koríko tí kì í fọwọ́ kan àgbàdo ni mo ní kí Sàníù tà fún mi, ohun tí wọ́n sì kọ sára ike nìyẹn. Koríko kú lóòótọ́, àgbàdo bá a kú. Àgbàdo yẹn la fẹ́ máa jẹ títí ọdún yóò fi yípo, inú rẹ̀ náà la ti fẹ́ yọ irúgbìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra àgbàdo sísè jẹ ní Adégbayì. Èmi Mùjíbátù, tí mo máa ń di àgbàdo fún àlejò lọ sílé! Ojú tì mí, mi ò jẹ ẹ́ tán.

Mo ti sọ fún ọ pé Sàníù ní mo po oògùn náà jù ni. Ohun tí mi ò sọ ni pé ó tún nawọ́ sí ohun tó kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pé ọjà tí a bá ti rà, a kì í dá a padà. Mo ní, "Sàníù, ta ló fẹ́ dá oògùn padà? Àgbàdo mi ni kí o dá padà." Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí mo bá ìyá rẹ̀ pọ̀n! Ìgbà tí mo délé tí mo fọ ẹrẹ̀ ara ike náà ni bébà ara rẹ̀ bó, tí mo rí i pé bébà oògùn mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, irú èyí tó ń pa gbogbo ohun tó bá hù nílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́, tí o ní, "Màámi, ẹ má ju ike yẹn nù o. Ẹni tó rajà ní ẹ̀tọ́." O gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn tó ń gbèjà òǹrajà n'Íbàdàn, wọ́n sì ní kí èmi àti Sàníù wá ní Ọjọ́bọ̀, kí n mú ike náà dání.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ránṣẹ́ pe Sàníù ni mi ò ti gbádùn. O mọ ọ̀dọ̀ wa. Bí wọ́n bá rẹ́ ènìyàn jẹ, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ náà ni gbogbo ayé máa ń rọ́ lọ bẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú, Bàbá Àkànbí, tí í ṣe olórí àwọn àgbà abà wa, kó àwọn yòókù sòdí, wọ́n kún pálọ̀ wa. Ìyá Sàníù wà lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá Àkànbí ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọ́n ní kí n mú fóònù níṣojú àwọn, kí n pe àwọn ará Ìbàdàn pé ọ̀rọ̀ ti tán nílé. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe. Mo wá ń bi ara mi pé, ṣé èmi wá ni òṣìkà náà?

Mi ò ní parọ́ fún ọ, mo fẹ́ pè wọ́n. Ó ti sú mi. Bàbá rẹ pàápàá ní kí n fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹkún ìyá Sàníù ń dùn mí, nítorí èmi àti ẹ̀ la jọ dàgbà. Sàníù náà sì ti wá ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tà á fún òun. Ó lè jẹ́ òótọ́. Bó bá jẹ́ òótọ́, ṣé kò yẹ kó wá sọ ọ́ n'Íbàdàn ni?

Mo mú fóònù lọ́wọ́, mo wá bá wọn sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ní mo gbà, mo ti dárí ji Sàníù, tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn ike bíi tèmi lórí pẹpẹ rẹ̀, wọ́n sì ṣì wà níbẹ̀. Mo ní gbogbo àgbà tó jókòó síbẹ̀ ló ní àgbàdo lóko. Kí ẹnì kan ṣáà ṣèlérí fún mi pé òun yóò ra ọ̀kan níbẹ̀ lọ́la, tí òun yóò sì fín in sóko ara rẹ̀, màá pe Ìbàdàn lójú ẹsẹ̀. Bàbá Àkànbí ṣí fìlà, wọ́n tún un dé. Ìyá Sàníù dákẹ́ ẹkún. Àwọn àgbà náà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ọkàn mi le. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, Ìyá Oníkóòtù ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá dé ibi ẹ̀rọ ata, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn. Ìyá Sàníù ń gba ọ̀nà mìíràn kó má bàa pàdé mi, èyí sì dùn mí ju àgbàdo lọ. Má pè mí ní akínkanjú mọ́. Obìnrin tó ti rẹ̀ ni mí. Àmọ́ ẹlòmíràn ń bọ̀ wá ra ike yẹn, kò sì ní mọ̀. Bí wọn ò bá tilẹ̀ fún mi ní nǹkan kan padà, kí wọ́n ṣáà kó èyí tó kù kúrò níbẹ̀.

Ìwọ náà, bí o bá ń ra wàrà Ammar, máa wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i, má sì jẹ́ kí ojú tì ọ́ láti gba rìsíìtì. Èmi ò gbà á. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọmọ ọ̀rẹ́ mi?

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí gbogbo yín sí. Ammar yóò ṣojú rẹ dàgbà. Ẹ ò ní fi ọwọ́ ara yín ra ohun tí yóò pa yín lẹ́kún. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tí ọ̀rọ̀ rẹ kì í kúrò lọ́kàn rẹ̀,
Mùjíbátù.

Àfikún: Àárọ̀ Ọjọ́rú ni mo ń kọ èyí, kí awakọ̀ Ṣakí tó wá gba lẹ́tà. Bàbá Àkànbí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá, àwọn nìkan. Wọ́n yọ ike méjì lábẹ́ agbádá, ọ̀kan náà pẹ̀lú tèmi. Wọ́n ti rà á lọ́wọ́ Sàníù tipẹ́; ọjọ́ tí àgbàdo mi kú ni wọ́n gbé e pamọ́, wọn ò jẹ́ fín in. Wọ́n ní kí n bá àwọn kó o lọ, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ àwọn. Mo ní, "Bàbá, orúkọ yín gan-an ni màá kọ́kọ́ dá." Wọ́n wá ibì kan jókòó sí. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni ọkọ̀ yóò gbéra lọ́la.