Àṣíborí Méje Lábẹ́ Igi Plọ́ọ̀mù

Gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé-ìwé,
Kaltenroth.
Ọjọ́bọ̀, agogo mọ́kànlá kọjá díẹ̀.

Winand ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le, ṣé atẹ́gùn Hamburg kò mú yín jù? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o gbọ́ ìròyìn mi lẹ́nu ẹlòmíràn kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ rẹ. Àdúrà àkọ́kọ́ tí mo gbà láàárọ̀ yìí nìyẹn. Èkejì ni pé kí ilé wa ṣì wà ní ìdúró nígbà tí mo bá máa fi kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Ara tèmi le, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, ìyẹn sì ti mọ́ mi lára.

Má fòyà. Ohun kan wà nínú ọgbà wa tó lè jẹ́ bọ́ǹbù, ó sì lè má jẹ́ bọ́ǹbù, wọn ò tíì mọ̀. Wọ́n ti kó gbogbo abúlé wá síbí. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń tú bọ́ǹbù, Dahmen lorúkọ rẹ̀, ní kí ẹnikẹ́ni má lo fóònù nítòsí ihò tí mo gbẹ́. Mi ò sì fẹ́ fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ṣeré, nítorí náà mo gbé fóònù tí o fi ránṣẹ́ sí mi nígbà Kérésì sínú agolo búrẹ́dì, mo dé e, mo sì bẹ ìyàwó Krings aládùúgbò wa pé kó bá mi jókòó lé e. Ó ti jókòó lé e láti wákàtí kan ààbọ̀ báyìí, kò sì ráhùn. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ nìyẹn.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ hú àwọn àṣíborí rẹ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn àṣíborí ológun tí o ń kó jọ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, tí mo dì sínú àpò ọ̀dùnkún, tí mo rì mọ́ ìdí igi plọ́ọ̀mù níṣojú rẹ lọ́dún 1981. O kọ ọ́ sínú káàdì rẹ pé o ń bọ̀ wá síbi ìrántí màmá rẹ lóṣù tó ń bọ̀. Mo ní kí n fọ̀ wọ́n, kí n tò wọ́n sórí tábìlì ilé ìdáná kí o tó dé, kí o bá wọn níbẹ̀, kí n má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ. Mo gé igbó ẹlẹ́gùn-ún tí o gbìn síbẹ̀ kúrò, mo sì gbẹ́ ilẹ̀. Ṣọ́bìrì mi kan irin. Mo rí àpò tó ti jẹrà, mo rí etí àṣíborí kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní apá kànga, irin mìíràn tún wà tó rí róbótó, àmọ́ ó pẹlẹbẹ, kò sì sí nínú àpò. Mo ti gbé ṣọ́bìrì sókè kí n fi yẹ̀ ẹ́ wò ni Krings pariwo láti ẹ̀yìn ọgbà pé Olùkọ́, gbé e sílẹ̀, má tiẹ̀ mí, ṣé orí rẹ dá pé báyìí, ṣé o fẹ́ bá Adelheid ìyàwó rẹ lọ láàárọ̀ kùtù ni!

Òun ló pe ọlọ́pàá. Kò pẹ́ sí i ni fóònù kígbe nínú àpò mi, láìjẹ́ pé ẹnì kankan pè mí, ó ń dún bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pa, ó sì kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé kí n kúrò níbi tí mo wà. Ẹnu yà mí pé ó mọ ibi tí mo wà. Mo ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, mo ti ń lọ. Ó sì dákẹ́ lóòótọ́.

Ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí, ọlọ́pàá obìnrin kan gbé fọ́ọ̀mù fún mi, ojú gíláàsì ló wà, ìka ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Mo kọ́kọ́ tọ́ ìka mi lá, nítorí mo rò pé láìsí ọ̀rinrin kò ní mú. Wọ́n béèrè iye ẹni tó ń gbé nínú ilé, mo kọ ọ́ pé méjì. Ọmọbìnrin náà ní bàbá, àwọn ará ibí ní ẹ̀yin nìkan ni. Mo ní bẹ́ẹ̀dì rẹ ṣì wà ní títẹ́, kò sì sẹ́ni tó fún mi ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yọ ọmọ kúrò nílé. Ó wò mí, kò pa á rẹ́. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun ìní iyebíye tí mo mú dání, mo kọ ọ́ pé: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìwé ilé-ìwé kan.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan kọjá, ó ní táyà, ó sì ní apá kan ṣoṣo. Krings ní Olùkọ́, kí i o, òun ló ń lọ kú nípò rẹ. Mo ṣí fìlà mi fún un. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àmọ́ nǹkan náà ń lọ sínú ọgbà mi, mi ò sì rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ní agogo kan Dahmen wọlé. Ó ní ẹ̀rọ náà ti há sáàárín gbòǹgbò, pé ẹnì kan ní láti fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tó ń bá òun ṣiṣẹ́ sì ti ń wọ ẹ̀wù irin. Ó ní èwo nínú irin wọ̀nyẹn ni àṣíborí, ta ló rì wọ́n síbẹ̀, kí ló tún wà nínú ihò náà? Winand, màá jẹ́wọ́ fún ọ: mo kọ́kọ́ ní mi ò mọ̀. Èmi tí mo na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́ nínú ilé-ìwé yìí kan náà. Krings ló ní Olùkọ́, sọ ọ́, gbogbo wa la mọ̀, àwa náà la fi ọ́ ṣẹ̀sín títí o fi ṣe é.

Mo bá dìde, mo sì sọ ọ́. Mo sọ bí o ṣe ń lọ sínú igbó tí ogun ti jà, tí o ń wá àṣíborí nínú ẹrẹ̀. Mo sọ bí o ṣe ṣa ọ̀dùnkún fún bàbá Krings ní gbogbo ìsinmi kan, kó lè fún ọ ní èyí tó so mọ́ igi tó fi ń bu ìgbẹ́ màlúù, àti bí o ṣe fi ọtí kíkan fọ̀ ọ́ nínú bàsíà màmá rẹ títí ìgbà òtútù fi parí. Mo sọ pé ní ilé ọtí wọ́n ń bi mí pé Olùkọ́, ọmọ rẹ ti kó orí ológun jọ, ìgbà wo ni ara wọn ń bọ̀? Ojú tì mí. Àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́. O máa ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wá bá mi, o máa ń ní Pápá, orí ta ló wà nínú èyí? Irú rẹ̀ ni bàbá tèmi dé lọ sógun nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Mi ò bi ẹnikẹ́ni rí ohun tó ṣe níbẹ̀. Ẹ̀rù ìbéèrè rẹ ló bà mí tí mo fi rì wọ́n mọ́lẹ̀.

Dahmen ní òun dúpẹ́, àmọ́ méjì ni irin tó hàn, èwo ni èwo? Ìgbà yẹn ni mo rántí ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Ìwé tí o ń kọ nọ́ńbà wọn sí ni. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ pọ̀ mọ́ àpò náà, mo sì tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, àárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un jáde. Mo ti fi yíǹkì pupa ka ìwé gbogbo ọmọ abúlé yìí, ti ọmọ mi nìkan ni mi ò ṣí fún ọdún mẹ́tàlélógójì. Mo ṣí i níwájú wọn. Nọ́ńbà kìíní títí dé ìkeje, àṣíborí ni gbogbo wọn, ìwọ̀n wọn àti ibi tí o ti rí wọn wà níbẹ̀. Mo wá ka ìkẹjọ sókè:

“Ìkẹjọ kì í ṣe àṣíborí. Ó pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ ju àwo oúnjẹ wa lọ. Ìdí igi plọ́ọ̀mù wa ló wà, ní apá kànga. Mi ò fọwọ́ kàn án. Màá sọ fún Pápá tí inú rẹ̀ bá rọ̀.”

Dahmen ò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó pariwo sínú rédíò rẹ̀ pé kí ọmọkùnrin náà dúró síbi tó wà, kó má gba apá kànga, kó má gbé ẹsẹ̀ kankan sílẹ̀ mọ́. Ó sáré jáde. Èmi sì jókòó.

Winand, o dì mọ́ apá mi lọ́jọ́ tí mo rì wọ́n mọ́lẹ̀. O ní Pápá, ẹ má gbẹ́ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ Pápá, ẹ má gbẹ́ ibẹ̀. Mo rò pé àṣíborí lo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo gbá ọ létí. Mo ní mi ò fẹ́ gbọ́ gbólóhùn kan mọ́ lẹ́nu rẹ. O wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lé ọ padà. Nígbà tó yá o gbin igbó ẹlẹ́gùn-ún yí ibẹ̀ ká, o ò jẹ́ kí màmá rẹ sá aṣọ síbẹ̀. Mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé ìbínú ló gbìn ín.

Nǹkan bí agogo mẹ́ta kù ogún ìṣẹ́jú ni ó dún. Fèrèsé gbọ̀n, pẹ́ńsù fò kúrò lọ́wọ́ mi, ìyàwó Krings fò kúrò lórí agolo búrẹ́dì, ó ń kígbe pé Jésù, fóònù Olùkọ́ ti bú! Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. A dúró. Mi ò lè kọ̀wé, mò ń ka ìka mi.

Dahmen ti dé báyìí. Gbogbo wọn wà láàyè. Ó ní bọ́ǹbù ni irin pẹlẹbẹ náà lóòótọ́, ìṣísẹ̀ méjì ló kù kí ọmọkùnrin yẹn tẹ̀ ẹ́, pé ọmọ kéékèèké méjì ló ní nílé. Wọ́n yọ àpò rẹ jáde kí wọ́n tó mú un bú, nítorí wọ́n ti mọ ibi tí wọn ò gbọ́dọ̀ tẹ̀. Àwọn àṣíborí náà ti dípẹtà, èyí tí wọ́n fi awọ ṣe nínú wọn ti jẹrà, irin ṣóńṣó orí rẹ̀ nìkan ló kù, àmọ́ ọ̀kan wà níwájú mi lórí tábìlì yìí, ọ̀dà funfun rẹ ṣì hàn nínú rẹ̀: nọ́ńbà karùn-ún, ti ìgbẹ́ màlúù. Dahmen ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọdékùnrin tó kọ ìwé náà. Mo ní ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, pé màá kọ̀wé sí i.

Ilé dúró, gíláàsì fèrèsé mẹ́rin ló fọ́, ìjọba ní àwọn máa tún un ṣe. Àmọ́ igi plọ́ọ̀mù ti lọ, mi ò sì rí àyè igi nínú fọ́ọ̀mù wọn. Tí ohun kékeré bá wà lọ́wọ́ rẹ, jọ̀wọ́ fi owó igi plọ́ọ̀mù kékeré kan ránṣẹ́ sí mi. Tàbí kí o kúkú mú igi náà dání bọ̀. Ìwọ ni kí o dúró nínú ọgbà kí o máa fi ọwọ́ hàn mí. Ibi tí o bá ní kí n má gbẹ́, mi ò ní gbẹ́ ibẹ̀.

Dárí jì mí, ọmọ mi. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ níbikíbi tí o bá tẹ̀, bí o ṣe ṣọ́ tèmi láìjẹ́ kí n mọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gisbert Lennartz