Mi Ò Dọ̀bálẹ̀ Nítorí Ọkọ̀ Inú Géèmù

Koko, ìrọ̀lẹ́ Àìkú

Òógùn ò tíì gbẹ lọ́wọ́ mi. Bàbá Ṣadé, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ló ní kí n wá gbá géèmù àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ wọn ní Dougouba. Ọkọ̀ kékeré kan ni, ó ń yìnbọn, ó ń sá gba apá ọ̀tún lọ láàárín ìràwọ̀. Orúkọ Bàbá ló ti wà lókè nínú àwọn tó gba máàkì jù láti ìgbà tí Ṣadé wà ní kọlẹ́ẹ̀jì.

Ó kù díẹ̀ kí n kọjá wọn, ẹ̀mí kan ṣoṣo ló sì kù fún mi nínú géèmù, ni ìyá Ṣadé wọlé. A ò tíì ríra rí. Bí mo bá fi ọ̀pá tí mo fi ń darí ọkọ̀ náà sílẹ̀, ọkọ̀ á fọ́.

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," lórí ìdúró. Mi ò wo ẹ̀yìn.

Mo gbọ́ tí wọ́n gba ẹ̀yìn mi kọjá.

Nígbà tí mo fi máa dọ̀bálẹ̀, Màmá ti wọ yàrá. Bàbá ní, "O mọ̀ ọ́n gbá."

Mo pe Ṣadé nígbà tí mo délé, kò gbé fóònù. Bóyá kí n lọ bẹ Màmá láàárọ̀, àbí kí n...

Orúkọ mi ló wà lókè báyìí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ yẹn, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ rí.